Àpamọ́wọ́ Dúdú Ìyá Mi

Ọjọ́ Ẹtì kan ni, nínú oṣù Keje, òjò ti ń wẹ Apápá láti òwúrọ̀. Iṣẹ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló gbé mi dé òpópónà Liverpool, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Nígbà tí mo parí iṣẹ́ ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, iná ti tán nínú fóònù mi. Kò pẹ́ sí i ni okùn bàtà mi já. Mo sá sábẹ́ ìbòrí ṣọ́ọ̀bù kan, mo ṣí báàgì mi, bóyá n óò rí ohun tí yóò gbà mí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ka ohun tí mo bá níbẹ̀ fún yín: fóònù tó ti kú, ìkunètè pupa kan, okùn tí mo fi ń gbọ́ orin, káàdì báǹkì kan, àti rìsíìtì búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kò sí owó níbẹ̀ rárá. Inú fóònù ni gbogbo owó tí mo ní lọ́jọ́ náà wà.

Obìnrin kan ń yan bọ̀ọ̀lì nídìí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi, ó sì fa àpò kékeré kan yọ lábẹ́ ìró rẹ̀. Píìnì bíi méje ló so kọ́ra wọn nínú rẹ̀. Ó yọ ọ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gún okùn bàtà náà pọ̀. Ó tún fún mi ní ọ̀rá funfun kan kí n fi bo irun mi. Lẹ́yìn náà ni ó wá fi ẹnu tọ́ka sí báàgì mi.

"Ọmọ mi, kí wá ni èyí tí o gbé kọ́ apá yìí wà fún?"

N kò rí èsì fọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kúrò níbẹ̀. Yábàá ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ọkọ̀ gbé mi dé Yábàá láìgba owó? Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn, mo gba Boundary kọjá sí Ajégúnlẹ̀, ó di ilé ìyá mi.

Ẹni tí kò bá mọ àdúgbò yìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Boundary ni ààlà. Bí o bá kọjú sí apá kan, Apápá ni: ilé ńláńlá inú ọgbà, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, èbúté tí wọ́n ti ń gba ọkọ̀ òkun láti àwọn ọdún 1920. Bí o bá kọjú sí apá kejì, Ajégúnlẹ̀ ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn, níbi tí Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ, Urhobo, Ìlàjẹ àti Hausa ti ń pín kànga kan àti ilé ìwẹ̀ kan lò. Orúkọ rẹ̀ ni pé Ajé ti gúnlẹ̀. Òkè ààlà lọ́hùn-ún ni ọkọ̀ tó gbé ajé dé máa ń gúnlẹ̀ sí ní tòótọ́, àwọn ará Ajégúnlẹ̀ a sì máa sọdá lójoojúmọ́ láti lọ bá a níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí èbúté kejì ní Tin Can ní ọdún 1977, èrò tó ń sọdá tún pọ̀ sí i. Láàárín àwọn èrò náà ni àwọn obìnrin wà: akọ̀wé, atẹ̀wé, agbálẹ̀, olóńjẹ. Ìyá mi jẹ́ ọ̀kan. Láti ọdún 1984 títí di 2003 ni ó fi ń tẹ ìwé ní ilé-iṣẹ́ kan tí ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté.

Nígbà tí mo wọlé, kò bi mí léèrè ibi tí mo ti ń bọ̀. Píìnì tó wà lẹ́sẹ̀ mi ló kọ́kọ́ rí.

"Ta ló fún ọ nìyẹn?"

Mo ròyìn fún un. Ó rẹ́rìn-ín. "Àṣé ó ṣì ku àwọn tó ń gbé píìnì kiri."

"Mọ́mì, kí ni ẹ̀yin máa ń gbé sínú báàgì nígbà tí ẹ ń lọ sí Apápá?"

Kò dáhùn. Ó ní kí n gun àga, kí n sọ báàgì dúdú tó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù kalẹ̀.

Mo mọ báàgì náà dáadáa. Ìró rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ní kékeré pé Mọ́mì ti dé: ìdè irin méjì tó wà lẹ́nu rẹ̀ a máa ta "kó!" bí ó bá dé e. Ó fẹ̀ débi pé àbúrò mi ti fi ṣe ibùsùn fún ọmọláńgidi rẹ̀ rí. Ọdún 1986 ni ìyá mi rà á lọ́wọ́ obìnrin aláòkìrìkà kan ní ọjà Boundary, ó sì gbé e títí apá rẹ̀ kan fi já. Nígbà tí ó ṣí i lórí bẹ́ẹ̀dì, òórùn Robb, àtíkè àti awọ àtijọ́ kún inú yàrá. Kò tíì tú u láti ìgbà tí ó ti fi í lélẹ̀.

Sílípáàsì ló kọ́kọ́ jáde, inú ọ̀rá ló wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni aṣọ ìnujú méjì, funfun kan, aláwọ̀ búlúù kan. Kí ni sílípáàsì ń ṣe nínú báàgì atẹ̀wé? Ìyá mi wò mí bí ẹni pé n kì í ṣe ọmọ bíbí Ajégúnlẹ̀. Òjò díẹ̀ báyìí, omi ti gba ojú títì. Sílípáàsì ni yóò wọ̀ kúrò nílé, bàtà onígìgísẹ̀ a wà nínú ọ̀rá. Bí ó bá dé Boundary, yóò wá ẹnu omi ẹ̀rọ, yóò fọ ẹsẹ̀, yóò fi aṣọ ìnujú búlúù nù ún, yóò pààrọ̀ bàtà, yóò sì wọ Apápá bí ẹni tí ọkọ̀ gbé dé ẹnu ọ̀nà. Aṣọ ìnujú funfun ni ti ojú. "Ẹni tó bá ṣì wọ́n lò," ni ó wí, "ọ̀gá rẹ̀ yóò mọ àdúgbò tó ti wá."

Mo rántí oṣù Kejì ọdún 2020. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Apápá sì wà lára wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ẹsẹ̀ ni àwọn èèyàn ń rìn. Mo rí àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi bàtà wọn dání lọ́wọ́, tí wọ́n ń fi ìbọ̀sẹ̀ lásán tẹ ọ̀dà gbígbóná. Kò sí sílípáàsì nínú báàgì kankan.

Lẹ́yìn sílípáàsì ni àwọn ohun ẹwà tẹ̀lé e, n kò ní pẹ́ lórí wọn. Jígí pélébé kan tí etí rẹ̀ ti sán. Òòyà onírin kan. Àgé àtíkè kékeré tí ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ti dì bí amọ̀. Ìgò lọ́fíńdà tí òórùn rẹ̀ ti di ọtí. Àmọ́ nígbà tí ó gbé ìgò tìróò jáde, ọ̀rọ̀ yí padà.

Gbogbo wa la mọ tìróò. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ti ń lé e. Wọ́n máa ń lọ òkúta dúdú dídán kan di ìyẹ̀fun ni, òkúta náà ni a sì ń lọ̀ ní ilẹ̀ tiwa náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé òjé ló pọ̀ jù nínú òkúta yìí, òjé tí a mọ̀ gan-an, tó máa ń wúwo lọ́wọ́. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé òjé wà lára ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí ìdílé rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n tọpa rẹ̀, tìróò tí wọ́n ń lé sí ojú ọmọ náà ni. Wọ́n yẹ tìróò náà wò: nínú ìdá ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ó lé ní ìdá ọgọ́rin tó jẹ́ òjé. Àjọ CDC ti ìjọba Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2012. Òjé kì í pariwo nígbà tó bá wọ ara. Ọpọlọ ọmọdé ló máa ń bá jà, díẹ̀díẹ̀, láìsí ibà, láìsí egbò. Ẹ̀yin ìyá tó ń ka ìwé yìí, bí tìróò àtijọ́ bá wà nílé yín, ẹ má ṣe lé e sí ojú ọmọ. Bí ẹ bá sì ti lé e rí, ilé ìwòsàn lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò.

Mo sọ èyí fún ìyá mi. Ó dákẹ́, ó yí ìgò náà po lọ́wọ́.

"Mo lé e fún ìwọ náà. Ọjọ́ ìkómọ rẹ gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀."

Ó tẹjú mọ́ mi bí ẹni tó ń wá ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ lára mi. Mo ní, "Mọ́mì, mo sáà kàwé gboyè ní yunifásítì."

Ó ní, "Èdè Yorùbá lo kà."

Ẹ má bínú sí i. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ra wa lọ́wọ́.

Nínú àpò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì náà ni oògùn wà: agolo Robb tí ó ti pọ́n ní ìdérí, àti ìdì Alábùkún mẹ́ta tí àwòrán bàbá onífìlà ṣì hàn lára wọn. Bàbá inú àwòrán náà ni Jacob Sogboyega Odulate, ọmọ Ìkòròdú tó lọ tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta. Ọdún 1918 ni ìyẹ̀fun oògùn náà ti jáde lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ ni ásípírìn àti kaféènì. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Yorùbá ti ń gbé bàbá yìí kiri nínú àpò, láì mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Fọlákẹ́ Ṣólàńkẹ́, ló kọ́kọ́ di àgbà agbẹjọ́rò SAN láàárín àwọn obìnrin Nàìjíríà, ní 1981. Mo fẹ́ràn láti máa rò ó pé owó orí fífọ́ àwọn ìyá wa wà nínú aṣọ àti wíìgì agbẹjọ́rò náà. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé ásípírìn kì í ṣe oògùn ọmọdé, kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tó ní ọgbẹ́ inú.

Mo bi ìyá mi bóyá orí máa ń fọ́ ọ púpọ̀ nígbà náà. Ó ní rárá. Alábùkún kì í ṣe tirẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta wà nínú báàgì náà, tí a gún mọ́ páálí ìṣáná, òwú dúdú, funfun, búlúù àti pupa sì yí i ká. Píìnì wà níbẹ̀, kékeré àti ńlá. Aṣọ nǹkan oṣù kan wà níbẹ̀ tí a wé sínú ìwé ìròyìn, pẹ̀lú páàdì méjì tí ọ̀rá wọn ti pọ́n. Tọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà, àti àbẹ́là ìdajì, àti orógbó kan tó ti le bí òkúta. Ìyá mi kì í jẹ orógbó. Bí mo ti ń gbé wọn sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ẹni tí ó ni wọ́n. Píìnì jẹ́ ti ẹnikẹ́ni tí bọ́tìnnì rẹ̀ bá já nínú mólùè. Orógbó jẹ́ ti ọlọ́dẹ ilé-iṣẹ́ tó máa ń bá a ṣí ìlẹ̀kùn bí ó bá pẹ́ dé. Páàdì jẹ́ ti àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní ọ̀kan nínú wọn jókòó sórí àga kan láti àárọ̀ di alẹ́ lọ́jọ́ kan, kò dìde lọ jẹun, kò dìde lọ tọ̀, àwọn ọkùnrin ọ́fíìsì sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó fẹ́ràn iṣẹ́ jù. Nígbà tí gbogbo ènìyàn lọ tán ni ọmọ náà tó sọ fún un. Láti ọjọ́ náà ni méjì ti ń wà nínú báàgì náà títí.

Ìyá tó bí ìyá mi kò gbé báàgì rí. Etí aṣọ ni báàgì tirẹ̀. Ó máa ń sọ pé nígbà èwe òun, inú kọ́bọ̀ àwọn òyìnbó ní ihò láàárín, a sì lè fi okùn kó wọn jọ, kí a so okùn náà mọ́ ìdí. Kọ́bọ̀ oníhò yìí ni a ná káàkiri ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, títí Báǹkì Àpapọ̀ fi gbé owó Nàìjíríà jáde ní 1959. Nígbà tí náírà wá dé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1973, kọ́bọ̀ kò ní ihò mọ́, ìyá àgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká owó bébà, ó ń ṣẹ́ ẹ sí etí ìró. Bí ó bá fẹ́ fún wa lówó, a ó rí i tí yóò yíjú sí ògiri, tí yóò máa tú ìdì. Owó náà a lọ́ wọ́ọ́rọ́ bó bá dé ọwọ́ ẹni.

Ohun tó ṣe mí ní kàyéfì jù lọ nínú báàgì náà kì í ṣe owó. Ìwé ni. Ó ká sí mẹ́rin nínú ọ̀rá kékeré kan tí a fi òwú dì lẹ́nu. Mo tú u. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì ni ìyá mi fi tẹ̀ ẹ́: orúkọ rẹ̀, ibi tó ń ṣiṣẹ́, nọ́ńbà ilé wa ní Ajégúnlẹ̀, orúkọ onílé, àti orúkọ ìyálé alátakò tó ń gbé ní iwájú wa. Lókè rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sí pé: "Bí ẹ bá bá mi níbikíbi tí n kò lè sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ránṣẹ́ síbí." Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá ni ó fi tẹ̀ ẹ́. Nísàlẹ̀, ọwọ́ ẹlòmíràn ló fi bírò kọ ọ́ ní èdè Ìgbò, ẹlòmíràn tún kọ ọ́ ní Hausa.

"Ajégúnlẹ̀ ni," ni ó wí. "Ta ló mọ ẹni tí yóò rí mi?"

Ó ṣàlàyé fún mi. Ní ọdún 1991, obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣubú nínú mólùè nígbà tó ń lọ sílé. Pọ́ọ̀sì kékeré ló mú lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, owó ọkọ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Àwọn aláàánú gbé e dé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni ọkọ rẹ̀ tó rí i, òkú rẹ̀ ni ó sì rí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo obìnrin inú ọ́fíìsì wọn to yí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìyá mi ká, ó sì ń tẹ ìwé fún wọn níkọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn iṣẹ́, lórí bébà ọ̀gá.

Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM dé Nàìjíríà. Ó tó ọdún méjì lẹ́yìn náà kí ìyá mi tó ní tirẹ̀. Ó ní òun rántí bí báàgì náà ṣe ń fúyẹ́. Ìwé nọ́ńbà ló kọ́kọ́ kúrò, tọ́ọ̀ṣì tẹ̀lé e, agogo ọwọ́, kàlẹ́ńdà kékeré ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ayé tiwa, jígí ti wọnú fóònù, àwòrán ọmọ ti wọnú rẹ̀, Bíbélì àti Kùránì ti wọnú rẹ̀, owó náà sì ti wọ̀ ọ́. N kò ní parọ́, ìrọ̀rùn ni. Ṣùgbọ́n mo ti gbìyànjú láti rántí nọ́ńbà ìyá mi lábẹ́ ìbòrí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ òjò náà, òǹkà mẹ́rin àkọ́kọ́ nìkan ni mo rí mú jáde. Bí mo bá ṣubú ní òpópónà Liverpool, fóònù tó ti kú, tó sì tún ní títì tí ìka mi nìkan lè ṣí, ni yóò máa sọ orúkọ mi fún àwọn aláàánú.

A ti kó gbogbo nǹkan jáde tán, ṣùgbọ́n báàgì náà kò tíì fúyẹ́ tó. Mo fọwọ́ wá inú rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ aṣọ tí a fi tẹ́ inú rẹ̀, nǹkan kan ń dún wàrà-wàrà. Mo fà á wò sí ìmọ́lẹ̀. Wọ́n ti ja aṣọ náà, wọ́n sì ti tún un rán, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Mo ka àwọ̀ òwú mẹ́rin: dúdú, funfun, búlúù, pupa.

"Mú abẹ́ wá," ni ìyá mi wí.

Owó ni. Bébà ẹgbẹ̀rún náírà, tuntun, àwọn tí Báǹkì Àpapọ̀ gbé jáde ní ìparí ọdún 2022. Ẹ ó rántí ìyà tó jẹ wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n fún wa ní gbèdéke láti kó owó àtijọ́ padà sí báǹkì, tí owó tuntun kò sì sí níta, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dá ẹjọ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta pé kí a ṣì máa ná ti àtijọ́. Ìyá mi to lórí ìlà nínú oòrùn lásìkò náà. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jókòó sílé. Ó ní òun ní owó kan tí òun fẹ́ pààrọ̀. Owó yìí ni.

Ní Ajégúnlẹ̀, àwọn ọmọbìnrin máa ń pè é ní "vex money", owó tí obìnrin fi ń wọ ọkọ̀ padà sílé bí ẹni tó pè é jáde bá mú un bínú. Ìyá mi kò pè é bẹ́ẹ̀. "Owó ọkọ̀ Iléṣà" ni ó pè é. Iléṣà ni ilé bàbá rẹ̀. Ọdún kẹta tí ó wọ ilé ọkọ ni ó kọ́kọ́ rán an síbẹ̀, ogún náírà olórí Murtala ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Bí owó ọkọ̀ bá ti gun òkè, yóò ja aṣọ náà, yóò fi kún un, yóò tún un rán pẹ̀lú òwú tó bá wà nílẹ̀.

Bàbá mi kú ní ọdún 2018. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni ní ojú tèmi. Mo ronú lórí rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀.

"Mọ́mì, ta ni ẹ tún fẹ́ bá bínú ní 2023?"

"Owó náà kò mọ̀ pé bàbá yín ti kú."

Mo bi í bóyá ó lò ó rí. Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. Ó ń fi aṣọ ìnujú funfun nu jígí náà, bẹ́ẹ̀ jígí náà ti mọ́.

"Ẹ̀ẹ̀kan. Ìwọ wà lẹ́yìn mi, o kò tíì máa rìn. Mo dé Ọ̀jọ́tà, mo wọ ọkọ̀, mo sanwó. Ọkọ̀ náà kò tètè kún." Ó gbé jígí náà sílẹ̀. "Awakọ̀ dá owó mi padà fún mi. Kò bínú rárá."

N kò bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ó tó lọ, kò sì sọ. Òjò ti dá. Ẹnì kan ń pariwo "Ẹ ra àkàrà" ní ojú títì. Ìyá mi yọ abẹ́rẹ́ kan lára páálí ìṣáná, ó ní kí n bá òun fi òwú sí i nítorí ojú. Mo fi òwú funfun sí i. Ó kó owó náà padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, a jọ lọ sí ọjà Boundary. Èmi ni mo ní mo fẹ́ ra báàgì. Ìjọba ti fi òfin de aṣọ àlòkù tó ń ti òkè òkun wọlé láti ìgbà pípẹ́, síbẹ̀ òkìrìkà kò fi ìgbà kan tán lórí àtẹ. Obìnrin tí a bá níbẹ̀ kó tirẹ̀ jọ lórí tapólì bí òkìtì iṣu. Ó ní báàgì kéékèèké ni àwọn ọmọge ń bèèrè báyìí, èyí tí fóònù nìkan lè wọ̀. Ó fi agolo mílíìkì kan hàn wá tó ń kó ohun tó bá rí nínú àwọn báàgì náà sí: owó wẹ́wẹ́ ilẹ̀ òkèèrè, ìkunètè tó kù díẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin, píìnì irun. Fọ́tò ọmọdé mẹ́ta wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ọmọ àwọn obìnrin tí kò mọ̀, tí kò sì lè mọ̀ láéláé.

"Àǹtí, mo kàn ń kó wọn pamọ́ ni," ni ó wí. "Èèyàn ha lè ju ọmọ ọlọ́mọ nù bí?"

Mo mú báàgì aláwọ̀ ilẹ̀ kan, ó tóbi, ọwọ́ rẹ̀ sì le. Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi. Kò wo ọwọ́ rẹ̀, kò wo ìdè rẹ̀. Ó yí inú rẹ̀ síta, ó ń fi ìka tọ ojú rírán aṣọ inú rẹ̀ yíká, ó sì bi obìnrin náà pé èló ni yóò gbà níkẹyìn.